Ohùn Tó Bọ́ Sínú Ìkòkò Ọṣẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé etí ìkòkò ọṣẹ ìyá mi ga jù mí lọ, òfin kan wà ní àgbàlá wa tí ọmọdé kì í rú, tí àgbà náà kì í rú: a kì í kí ẹni tó ń se ọṣẹ. Bí ènìyàn bá ń kọjá, tó rí obìnrin tó dúró ti ìkòkò pẹ̀lú igi gígùn lọ́wọ́, yóò pa ẹnu dé, yóò gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Kò sí "ẹ kú iṣẹ́", kò sí "ẹ kú ooru". Wọ́n ní bí ohùn ènìyàn bá bọ́ sínú ìkòkò, ọṣẹ náà kò ní dì. Ó lè pa ẹ̀yin ọmọ òde òní lẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Jahi, ní Àbújá níbí, ni mo ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Láìpẹ́ yìí ló ṣe ipò kìíní nínú kẹ́mísìrì, tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ jẹ áísìkiríìmù. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó lọ fọ ilé ìwẹ̀. Ó da omi bílíìṣì sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìdọ̀tí kò kúrò bó ṣe fẹ́, ó gbé ìgò ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dà á lé e lórí.

Pálọ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ikọ́. Kì í ṣe ikọ́ ẹni tí omi há lọ́fun. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ náà, òórùn kan gbá mi nímú tí n kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo gbá apá ọmọ náà mú, mo wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́. Mẹ́gàádì wa sáré wọlé, ó ń ké pẹ̀lẹ́ sí mi ní èdè Haúsá, "Kai! Kai! Sànnu, Bàbá, sànnu!", ó sì ń ṣí fèrèsé káàkiri. Ọlọ́run ṣàánú wa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní a tètè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní, "Kí ni ásíìdì?"

Ó jókòó dáadáa, ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì mí, bí ẹni ń ka àdúrà Olúwa.

"Ó dáa. Nínú ohun méjì tó o dà pọ̀ lónìí, èwo ni ásíìdì?"

Ó wò mí. Ó wo ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. "Gránpà, ìyẹn ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì."

"A kọ ọ́ sí ara ìgò náà gàdàgbà!"

"Dádì," ni ìyá rẹ̀ sọ láti ilé ìdáná, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ara ọmọ náà ò tíì yá."

Ọmọ náà ò dákẹ́ o. Ó fa ẹnu jọ, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo gba ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò, Gránpà. Tíṣà máàkì í, mo gbà á."

Mo sọ fún yín, ẹ̀jẹ̀ mi ru. Kì í ṣe sí ọmọ náà. Sí àwọn tó kọ́ ọ ni. Wọ́n kọ́ ọmọ láti pe orúkọ ejò, wọ́n fún un ní máàkì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sí ẹni tó fi ejò hàn án. Bí ejò bá wọlé, á ní kó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣe é fún yín. Ásíìdì ló ń mú kí ohun kíkan kan. Ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Ó wà nínú omi ògì tó ti kan. Ó wà nínú ikùn yín níbi tó ti ń mú kí oúnjẹ dà, òun ló sì máa ń ta yín lọ́fun bí ẹ bá bì. Ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ le débi pé ó lè jẹ aṣọ lu. Òdìkejì rẹ̀ ni álíkálì. Òun ló wà nínú kaun tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà, òun ló wà nínú omi eérú. Bí ẹ bá fi ìka ra á, á máa yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, bó bá sì le, á bó ìka yín. Bí ásíìdì àti álíkálì bá pàdé ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á gba agbára lọ́wọ́ ara wọn, iyọ̀ àti omi ni yóò kù. Ṣùgbọ́n bílíìṣì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ásíìdì bá kàn án, gáàsì burúkú kan tó ń jẹ́ kùlórínì ló máa ń jáde nínú rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró wa tutù, awọ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí gáàsì náà bá dé ibẹ̀, tó bá omi ibẹ̀ pàdé, ásíìdì ló ń dà lórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ má da wọ́n pọ̀ láéláé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Lẹ́yìn tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tán fún ọmọ-ọmọ mi, mo sọ ìtàn obìnrin kan fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi a máa se ọṣẹ dúdú. Lẹ́yìn ilé wa ni opó kan ń gbé, òun ló ń ṣe àdín láti inú ekùrọ́, òun ló sì ń ta á fún gbogbo obìnrin tó ń se ọṣẹ ní àdúgbò. Ìyá Aládín ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin náà lóhùn! Bó bá ń bọ̀ láti odò, a ti gbọ́ ìròyìn tó ń mú bọ̀ kí a tó rí ìkòkò tó wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í bá ṣẹ̀fẹ̀, kò sí ẹni tí kì í bú bí ó bá ní kó bú u. Ìkòkò ọṣẹ ìyá mi nìkan ló lè pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá ń kọjá níbẹ̀, á fi ìka méjì di ètè rẹ̀ pọ̀, á máa fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ sí àwa ọmọdé, àwa náà á máa fi aṣọ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde lára wa. Ó pọ̀n mí lẹ́yìn nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ní ilé wa, ọwọ́ òun náà ni ọwọ́ ìyá.

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń rí eérú ọṣẹ. Èèpo kòkó ni. A ó sá a, yóò gbẹ, a ó sun ún. Igi kòkó ti fi gbòǹgbò mu omi nínú ilẹ̀, ó ti mu oríṣiríṣi iyọ̀ inú ilẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá sun èèpo rẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ sí afẹ́fẹ́. Ohun tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ ni kì í lè fò, òun ló ń kù sílẹ̀ tí à ń pè ní eérú. Oríṣi nǹkan méjì ló wà nínú eérú yìí. Èyí àkọ́kọ́ máa ń yọ́ sínú omi, òun ni álíkálì tí à ń wá. Èkejì kì í yọ́, ìdọ̀tí lásán ni. Ìyá mi á kó eérú sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, á bu omi lé e, omi á máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa gbé èyí tó lè yọ́ lọ. Omi tó kán yìí ni a ó sè pẹ̀lú àdín tí yóò fi di ọṣẹ. Nínú ìwé yín, ohun tó yọ́ ni wọ́n ń pè ní sólútì, ohun tó yọ́ ọ ni sọ́lfẹ́ǹtì, àpapọ̀ wọn ni sólúṣọ̀nù. Orúkọ ni wọ̀nyẹn. Iyọ̀ inú omi ọbẹ̀ ni, ẹ ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti jáwọ́ nínú ọmú.

Ní ọdún kan, tí mo ti wọ ilé ìwé, òjò àkọ́rọ̀ wá pẹ̀lú ìjì. Ìjì ká páànù kan kúrò lórí ilé ìdáná, òjò sì rọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ eérú tí ìyá mi ti ń kó jọ fún ọjà ọdún. Ó rọ̀, ó rọ̀, omi ń gba orí apẹ̀rẹ̀ wọlé, ó ń gba ìdí rẹ̀ jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi tẹ́ eérú náà sí oòrùn. Ìyá bàbá mi ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. "Eérú ni eérú," ló wí. "Ó rẹ, ó ti gbẹ, ó parí." Ìyá mi wọn eérú bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n, igbá eérú kan sí igbá omi kan. Ìwọ̀n náà kò tíì já a kulẹ̀ rí. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí omi tó kán, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́ lónìí!"

Ó dá iná, ó gbé omi eérú náà kaná, ó da àdín sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àgbàlá dákẹ́. Èmi àti ìyá bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún, à ń bó ẹ̀gúsí. Àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn, ń sùn nínú ilé. A kò mọ̀ pé ó ti jí. Ìkòkò omi eérú kejì wà lórí àdògán lẹ́yìn ìyá mi, ó ń hó, èéfín sì bò ó. Ìyá Aládín ló yọ láti ẹ̀yìn ilé, igbá àdín lórí, ìka méjì ní ẹnu bí ìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló rí ọmọ náà tó na ọwọ́ sí etí ìkòkò.

"Ìyàwó! Ọmọ! Ọmọ o!"

Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Ó ju igbá àdín nù, ó fò, ó já ọmọ náà gbà. Igbá fọ́, àdín dà sílẹ̀. Ìyá mi fi igi sílẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra. Ìyá bàbá mi alára kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́: "Ọlọ́run ló rán ọ." Bí omi eérú tó lágbára bá dà sí ọmọ lára, kì í ṣe gbígbóná nìkan ló máa bá a jà. Álíkálì máa ń wá ọ̀rá inú awọ ara, á sọ ọ́ di ọṣẹ, á sì máa jẹ ẹran ara lọ. Ìyá mi kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí omi náà ń ṣe sí ìka.

Ìyá mi padà sídìí ìkòkò. Ó rò ó títí. Ní ìrọ̀lẹ́, àdín ṣì léfòó lórí omi, omi sì wà nísàlẹ̀, wọn kò dà pọ̀. Ọṣẹ kò dì.

"Ohùn ti bọ́ sínú ìkòkò," ni ìyá bàbá mi wí.

Ìyá mi ń sunkún. "Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń pè mí sí, Ìyá. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Mo sì ti dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ́tọ̀."

Wọ́n tún gbìyànjú ní ọjọ́ mìíràn. Wọ́n lo ìyókù eérú inú apẹ̀rẹ̀ náà àti àdín tí Ìyá Aládín ti tà fún wa tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ké lọ́jọ́ yẹn, ẹyẹ pàápàá kò dún, síbẹ̀ ọṣẹ kò dì. Ṣé ẹ rò pé wọ́n bi eérú léèrè? Rárá. Wọ́n ní ohùn obìnrin náà ti wọ inú àdín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní agbo ilé wa, ó dé ọjà. Àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra àdín ní òdìkejì ìlú. Ẹni tí ọṣẹ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn náà rántí pé Ìyá Aládín kí òun lọ́jọ́ náà. Bí Ìyá Aládín bá ń bọ̀, àwọn tó ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ á rántí ohun tí wọ́n gbé kaná, wọ́n á sáré wọlé.

Ó wá bá ìyá mi ní ọjọ́ kan. Mo wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé kí n dákẹ́ ni?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Àbúrò mi sì ń fa Ìyá Aládín ní aṣọ, ó ń fẹ́ kó gbé òun.

Kò pẹ́ sí i tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí abà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń dáko kòkó. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Wọ́n kàn dákẹ́ mọ́ ọn lórí títí tó fi lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ní àkókò yẹn gan-an, mo wà ní ilé ìwé, tíṣà wa sì ti fi pàṣán kọ́ wa ní sólútì, sọ́lfẹ́ǹtì àti sólúṣọ̀nù. A ń kọ ọ́ lórin! Ẹni tó bá ṣì í, ó ń jẹ ẹgba. Mo mọ̀ ọ́n sórí láìṣì kí Ìyá Aládín tó di ẹrù. Ọ̀rọ̀ tó lè gba obìnrin náà sílẹ̀ wà lẹ́nu èmi àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ mìíràn, à ń kọ ọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ eérú lójoojúmọ́. Kò wá sí ọkàn tíṣà náà rí láti bu ẹ̀kúnwọ́ eérú wá sí kíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ Yorùbá ní kíláàsì rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, pàṣán ni. Báwo ni eérú ìyá wa yóò ṣe ráyè wọ ibẹ̀?

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni ojú mi tó là. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí a ya iyọ̀ kúrò lára yanrìn. A da méjèèjì sórí pépà tí wọ́n fi ń sẹ́ nǹkan, a bu omi lé e. Iyọ̀ bá omi lọ, yanrìn dúró. Mo ń wo omi tó ń kán sísàlẹ̀, mo sì rí apẹ̀rẹ̀ eérú wa àti páànù tí ìjì ká. Mo rí omi òjò tó ń gba ìdí apẹ̀rẹ̀ jáde, tó ń gbé gbogbo ohun tó ń jẹ́ agbára eérú lọ sínú ilẹ̀. Mo gbá tábìlì débi pé fánẹ́ẹ̀lì, àrọ tó gbé pépà náà dúró, wó.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí ló dé?" ni ẹnì kejì mi wí. "Ṣé iyọ̀ náà ta sí ọ lójú ni?"

Inú ń bí mi.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sílé. Ìyá bàbá mi ti kú. Mo wá ajere méjì, mo bu eérú kan náà sínú wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ajere kejì, mo ti kọ́kọ́ bu omi púpọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, mo da omi náà nù, mo sì sá eérú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí omi kán láti inú méjèèjì, mo ní kí ìyá mi fi ìka ra wọ́n wò. Ti àkọ́kọ́ yọ̀, ó sì ta á lọ́wọ́. Ó yára fọ ọwọ́. Ti èkejì mọ́ lóló, kò yọ̀, kò ta, bí omi kànga. Ó ra á, ó tún un ra. Ó gbójú sókè wo òrùlé ilé ìdáná.

"Òjò," ló wí.

Kò jẹun ní ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí abà. Ìyá Aládín ti darúgbó, ó jókòó ní iwájú ilé, ó ń pa ekùrọ́ tí ó fẹ́ fi ṣe àdín tí kò rẹ́ni rà. Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí èèpẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́. Arúgbó náà gbọ́ ọ tán, ó sì kọ́kọ́ kọjú sí mi. "Ìwọ tí mo pọ̀n, tó o tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí aṣọ mi fi rà, ìwọ lo wá di ọ̀mọ̀wé báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá mi. "Ìyàwó, dìde. Èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ohùn mi kò ṣe nǹkan kan. Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ wá sọ fún. Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ta ni yóò lọ bá wọn láti ilé dé ilé?"

Ìyá mi kò lọ láti ilé dé ilé. Ohun tó ṣe tóbi ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ ọjà, ó gbé ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ kúrò ní àgbàlá, ó gbé e sí etí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Eérú gbígbẹ tí òjò kò kàn ló lò. Àdín Ìyá Aládín ló lò. Ó gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó fi arúgbó náà jókòó lé e, ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, Ìyá."

Ìka arúgbó náà kọ́kọ́ fẹ́ gòkè lọ sí ẹnu rẹ̀. Ìyá mi ń ro ọṣẹ, ó tún ní, "Ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò." Ìyá Aládín wá bẹ̀rẹ̀. Ó kí ọkùnrin kan tó ń kọjá, ọkùnrin náà kò dáhùn. Ó bú u. Ó kí òmíràn. Àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ tó ń lọ sọ́jà dúró lókèèrè, àwọn kan fi ìborùn bo etí. Nígbà tó rí wọn, ohùn rẹ̀ padà dé pátápátá. "Ẹ̀yin tí ẹ ń di etí, ẹ̀yin ni ọṣẹ ni? Ẹ súnmọ́ ibí kí n kí yín dáadáa! Ọlọ́mọge àná, èyí tó fẹ́ ọkọ mẹ́ta tó ní ohùn mi ló ba ọṣẹ rẹ̀ jẹ́, ta ló ba ọkọ rẹ jẹ́?" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó kọrin, ó pa àlọ́, ó bi ìkòkò náà ní ìbéèrè, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn, àdín àti omi eérú dà pọ̀, wọ́n ki, wọ́n dúdú, wọ́n sì dì. Ọṣẹ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi ń fi ọwọ́ bù ú fún àwọn tó dúró ń wò.

Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní ó dájú pé wọ́n ti ṣe ètùtù sí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ohùn ènìyàn ni à ń bẹ̀rù nítorí a kò mọ ohun tó wà nínú eérú. Ní Àbújá òde òní, ìgò àti kẹ́gì oríṣiríṣi kún ilé ìdáná yín, orúkọ ohun tó wà nínú wọn wà lára wọn, ẹ tiẹ̀ ti kọ́ orúkọ náà ní ilé ìwé, ẹ kò sì bẹ̀rù ohunkóhun. Mo lọ sí ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi láti lọ sọ tinú mi. Wọ́n fi yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì hàn mí, ó rẹwà, AC wà níbẹ̀, ìgò gíláàsì sì tò lọ bẹẹrẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Mo bi tíṣà wọn pé ìgbà wo ni àwọn ọmọ ń lò wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, wọ́n lè fọ́ ọ. Àwọn òbí tó bá wá wo ilé ìwé ni a ń fi hàn." Owó tí àwa kò ní nígbà náà ti wà. Ìgò tí a kò ní ti wà. Pàṣán nìkan ni wọ́n gbé jù sílẹ̀, wọ́n sì pa orin àkọ́sórí yẹn mọ́ bí ogún bàbá. Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán fún ọmọ-ọmọ mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo rò pé yóò bi mí bóyá ó máa jáde nínú ìdánwò. Ohùn rẹ̀ ṣì há nítorí gáàsì náà.

"Gránpà, àwọn tó lọ yẹn, ṣé wọ́n padà wá ra àdín lọ́wọ́ ìyá yẹn?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Àwọn kan rà á. Àwọn yòókù kò rà á títí tó fi kú, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ wọn náà pé kí wọ́n má rà á.